Àwo tí Àbúrò Mi Gbé Padà Wá sí Abidjan

Síìpù ni mò ń tà ní ọjà Adjamé. Síìpù, bọ́tìnnì, òwú ìránṣọ, rọ́bà ìdí ṣòkòtò, àti gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tí télọ̀ kì í rántí àfi ìgbà tí ẹni tó ni aṣọ bá ti dúró sí i lọ́rùn. Ọjọ́ tí àbúrò mi pè mí láti ilẹ̀ Faransé pé ẹgbẹ́ olórin wọn fẹ́ padà dé, télọ̀ kan ló wà níwájú mi. Mo fi etí kan gbọ́ ti télọ̀, mo fi èkejì gbọ́ ti fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bára wa sọ̀rọ̀. A ti ń ṣe àwo tuntun. On revient. À ń padà bọ̀."

Mo ní, "Láti ibo?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹgbẹ́ yẹn fi dákẹ́, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni ní Abidjan tí oorun rẹ̀ dín nítorí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọmọkùnrin mẹ́rin láti Treichville ni wọ́n. Àbúrò mi ló ń ṣáájú orin. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ń lu ìlù. Àwọn méjì yòókù jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Wọ́n máa ń wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ìyeyè kan náà, wọ́n sì máa ń jó ijó kan bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Orin kan ṣoṣo ló gbé wọn jáde láyé. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni, tó ra dòdò, èyí tí wọ́n ń pè ní alloco níbí, tó sì kọ̀ láti fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mọ́kànlá ni. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá sì ni alloco. Síbẹ̀, lọ́dún náà, kò sí gbaka kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo wa ń wọ̀ káàkiri ìlú yìí, tí kò fi orin náà di ènìyàn létí láti Adjamé dé Yopougon. Wọ́n kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, wọ́n kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn tó tó bàbá ọmọ ń kọ ọ́.

Bàbá wa ń ta aṣọ ní ọjà Treichville nígbà náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Kò bínú sí orin náà, kò sì yìn ín. Tí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á dìde, á wọ inú yàrá lọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Ohun tó tú wọn ká kò tó ohun tí àgbà ń fẹnu sọ. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò tí yóò wà lójú àwo kejì. Àbúrò mi ní òun ni yóò dúró níwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, òun ni. Wọn ò ya fọ́tò mọ́, àwo ò sì jáde mọ́. Onílù lọ ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Yopougon, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó di ènìyàn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ méjèèjì wọ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Àbúrò mi lọ sí Faransé. Ó ní òun ń lọ gbé orin débi tó yẹ ẹ́.

Páálí ló ń gbé níbẹ̀, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Mi ò fi ìyẹn bú u, nítorí iṣẹ́ ni, èmi náà ń gbé páálí. Irọ́ rẹ̀ ló ń rí mi lára. Tó bá pe ìyá wa lọ́sàn-án, á ní sítúdíò ni òun wà, pé òun ń ṣiṣẹ́ lórí orin. A ó sì máa gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fẹ̀yìn rìn lẹ́yìn rẹ̀, pì, pì, pì. Ìyá wa béèrè lọ́jọ́ kan pé irú ìlù wo nìyẹn. Ó ní ìlù òde òní ni.

Nígbà tó wá dé, bàálù rẹ̀ balẹ̀ ní Port-Bouët bíi ti gbogbo ènìyàn. Gonzagueville tí ìyá wa ń gbé kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá wa máa ń rí ikùn rẹ̀ láti àgbàlá. Àbúrò mi bọ́ sílẹ̀, ó wọ takisí, ó kẹ̀yìn sí Gonzagueville, ó gba Cocody lọ, àdúgbò àwọn olówó, níbi tó ti háyà ilé alájà mẹ́ta. Ó ní ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn oníròyìn ti bá òun.

Ìyá wa ti se ọbẹ̀ dè é lọ́jọ́ tó dé. Ó gbé e kaná lọ́jọ́ kejì. Ó tún gbé e kaná lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi dé, òun àti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó gbá ìyá wa mọ́ra, ó tú u sílẹ̀, ó wo kámẹ́rà, ó tún gbá a mọ́ra. Ó ní òun kì í jẹ epo mọ́.

Ó wá sọ orúkọ àwo tuntun náà fún wa. Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé a ò fìgbà kan lọ.

Ìyá wa ní, "Ta ni kò lọ?"

"Àwa ni, Màmá. Ẹgbẹ́ wa."

Ìyá wa kọjú sí mi, ó ní kí n lọ bu omi wá fún àlejò.

Orin mẹ́wàá ló wà nínú àwo náà. Ó ní kẹsàn-án ni òun kọ fún Bàbá. Nígbà tó sọ ọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mú un dání, bí ẹni tó ń retí kí a na ọwọ́ sí òun.

Bàbá wa ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nígbà náà. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ tó kú náà la sin ín, nítorí náà mi ò lè bá ẹni tó wà ní Faransé wí pé kò bá wa débi sàréè. Ṣùgbọ́n àdúrà ọjọ́ kẹjọ wà. Ti ogójì ọjọ́ wà. Ọdún yípo, ó tún yípo. Ohùn ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kò pẹ́ tó ìgbà tí omi fi ń hó, ó ní ọkàn òun wà lọ́dọ̀ wa. Ọkàn rẹ̀ kò gbá àgbàlá, kò to àga, kò sì dìde kí àwọn àgbà tó ń wọlé.

Ó bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun tún Yorùbá inú orin náà ṣe. Ó mọ ìdí tó fi bẹ̀ mí. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí, ó kù díẹ̀ kí n pé ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó mú mi wá síbí. Òun, Treichville ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Tó bá fẹ́ sọ gbólóhùn tó gùn, á kọ́kọ́ gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ lórí igi.

Mo lọ. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní Yopougon. Sítúdíò náà jẹ́ yàrá kan tí wọ́n lẹ páálí ẹyin mọ́ ara ògiri rẹ̀ yíká. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn pọ̀ láti ayé ṣòkòtò aláwọ̀ ìyeyè. Ọmọ onílẹ̀ tó bá àbúrò mi jà nítorí fọ́tò ti pá, òun àti àbúrò mi ò sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Tí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́ fún. Fọ́tò àwo tuntun wà lára ògiri. Kí ìjà má baà tún ṣẹlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹpútà ló kó wọn pọ̀. Òjìji àbúrò mi ṣubú sí ọ̀tún, ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣubú sí òsì, bí ẹni pé oòrùn méjì ló ràn lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi wọ inú yàrá onígíláàsì, ó di ojú rẹ̀, ó kọrin. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé, Bàbá, mo gbé ẹrù rẹ. Ṣùgbọ́n ohùn orin náà ń gun òkè ní ìparí. Bó ṣe ń gòkè ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ohun tó wọ etí mi ni pé, Bàbá, mo gbé ẹrú rẹ.

Mo ní kí wọ́n dá a dúró. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹrù," ó ní. Ó sọ ọ́ dáadáa nígbà tí kò kọ ọ́ lórin. "Ohun tí Bàbá gbé lórí, tí èmi náà wá gbé."

"Ohun tí o kọ sílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí o fi ẹnu pè. Ẹrú lo pè. Esclave. O ní o gbé ẹrú Bàbá."

Onílù fi ọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò mi wò ó, ó wò mí.

"Jẹ́ kí ohùn náà wálẹ̀ níbẹ̀," mo ní. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé nǹkan sílẹ̀."

"Kò lè wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ènìyàn ti máa gbéra."

"Wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí òun náà ń gbéra síbẹ̀."

"Kò sí àyè mọ́, a ti ṣe ìlù rẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa mọ̀ ní Abidjan?"

"Gbogbo ẹni tó wá síbi àdúrà bàbá rẹ."

Ó wo bébà tó kọ orin náà sí. Mo rò pé ó gbọ́ mi. Ó kọjú sí ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ní, "On garde. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Onílù ló sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ gbaka. Orúnkún ń dùn ún, ó ń rọra rìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú. Èmi náà ti sọ fún un. Ó ní Yorùbá ọjà ni mò ń sọ."

Mo bi í pé kí ló wá ń wá láàárín wọn, ẹni tó ní ìsọ̀, tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama.

Ó ní, "Mo ta ẹ̀yà ọkọ̀ lánàá. Màá tà á lọ́la. Ó wù mí kí n lu ìlù lọ́jọ́ Àìkú."

Òun nìkan ni mi ò lè kẹ́gàn nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Inú gbaka ni inú ti wá bí mi gidi. Ẹrù wo ló gbé? Ọdún méjì tí Bàbá lò kẹ́yìn, apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára. Mo ti ọjà wá sùn sí Gonzagueville fún odidi ọdún méjì. Èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga, láti orí àga dé balùwẹ̀. Ìyá wa á di orí mú, èmi á gbé ara. Mo mọ bó ṣe ń wúwo ní òwúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Mo mọ bó ṣe ń fúyẹ́ lóṣooṣù, tó fi di pé mo lè dá gbé e. Ẹni tó ń kọrin ẹrù kò gbé aṣọ ìnura rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá ya fídíò orin kẹsàn-án ní àgbàlá ìyá wa. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ọkùnrin oníkámẹ́rà wo àgbàlá náà yíká, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ ní Faransé pé ó ti mọ́ jù. Wọ́n kó àwọn àga oníke wọlé. Wọ́n gbé fíríìjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pamọ́, wọ́n fi ẹní bo àwo sátẹ́láìtì. Ìyá wa ti wọ léèsì tó rà fún ọdún Iléyá, ó ti lé tìróò. Wọ́n ní kó lọ bọ́ ọ, kó ró ìró àtijọ́ kan. Odó àti ọmọrí odó wà nínú ọkọ̀ wọn. Ọjà ni wọ́n ti rà á bọ̀.

Ìyá wa kò gún nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí gbogbo Abidjan ń jẹ, ló ń rà lọ́wọ́ obìnrin tó wà níwájú ilé. Ó wo inú odó náà.

"Kí ni kí n gún?"

Àbúrò mi ní, "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, Màmá. Ẹ kàn máa gún un."

"Kí n máa gún òfo?"

"Fún kámẹ́rà ni. Kí wọ́n lè rí bí a ṣe dàgbà."

"Báyìí kọ́ lẹ ṣe dàgbà. Bàbá yín ń ta aṣọ, a ní gáàsì." Ó fi odó sílẹ̀, ó jókòó. "Mi ò ní gún ohun tí mi ò ní jẹ."

Àwọn aládùúgbò ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ ti ìyá wa, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí tèmi." Ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun tẹ̀. Ìyá wa dìde, ó wọlé, ó bọ́ léèsì, ó ró ìró kan tó fi ń nu ilẹ̀, ó jáde, ó sì di ọmọrí odó náà mú. Kò gún un. Ó kàn dì í mú. Wọ́n ní ìyẹn náà ti tó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́tò Bàbá fún un. Oníkámẹ́rà ní kó máa wò ó, kó sì sunkún díẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ìyá wa gba fọ́tò náà. Ó fi etí ìró nu eruku ojú gíláàsì rẹ̀, ó ṣe é dáadáa, ó nu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Ẹkún bàbá yín, mo ti sun ún tán. Ẹ̀yin lẹ pẹ́."

Oníkámẹ́rà béèrè ohun tí màmá sọ. Àbúrò mi sọ fún un ní Faransé pé àdúrà ló ń ṣe.

Ó yẹ kí n sọ ipa tèmi náà. Wọ́n ní ojú ìyá wa dúdú jù nínú kámẹ́rà. Wọ́n fún mi ní páálí ńlá kan tí wọ́n lẹ bébà fàdákà mọ́, wọ́n ní kí n fi da oòrùn sí i lójú. Mo gbà á, mo sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì, mò ń da oòrùn sí ìyá mi lójú, ó ń ṣẹ́jú, mi ò sì sọ páálí náà nù. Tí mo bá ń bú àbúrò mi, mo máa ń rántí rẹ̀.

Ìfilọ́lẹ̀ àwo náà wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Treichville, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àbúrò mi ti ní kí n pe àwọn ará ilé wa, kí wọ́n lè rí i pé Yorùbá wà níbẹ̀. Mo pè wọ́n. Àwọn Àlájì tó bá bàbá wa ṣòwò ní Treichville àti Adjamé jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú fìlà àti agbádá wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó kù wà, àwọn ojúgbà àwọn olórin wọ̀nyí, tí wọ́n ti sanra, tí wọ́n ti lọ́mọ, tí wọ́n gbé fóònù sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Wọ́n tún ti rán ṣòkòtò aláwọ̀ ìyeyè náà. Ìsọ̀ mi ni télọ̀ wọn ti wá ra síìpù, mo sì mọ bí ó ṣe gùn tó. Síìpù tó lè gba irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n kọ orin tuntun méjì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ní ìkẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ ra nǹkan mímu. Ó di dandan kí wọ́n kọ orin alloco. Ìyẹn ni gbogbo gbọ̀ngàn fi dìde. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó ijó ẹyin iná, wọ́n jó o dé ìdajì, ẹni tó pá di òpó mú. Mo jókòó tèmi. Ẹsẹ̀ mi kan ti ń lu ilẹ̀, mo fi èkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń mí hẹlẹ ni àbúrò mi ní kí wọ́n pa iná kù, pé òun fẹ́ bá bàbá òun sọ̀rọ̀. Fídíò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìyá wa hàn lára ògiri nínú ìró ìnulẹ̀, ó di ọmọrí odó mú. Mo dúpẹ́ pé ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, pé kò wá. Àbúrò mi di ojú, ó kọ ọ́. Bàbá, mo gbé ẹrú rẹ. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Àwọn onílẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń mi orí. Ìlà iwájú kò mi nǹkan kan.

Àlájì tó jókòó tì mí ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó dàgbà jù. Òun ló wẹ òkú rẹ̀. Ó fi orí sún mọ́ mi, ó rọra béèrè, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Ẹrú wo ni bàbá yín ní?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí orin fi parí. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ìròyìn kan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì pé orin kẹsàn-án ni ọkàn àwo náà, pé èdè àwọn babańlá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Rédíò lù ú fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń pe rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n fi alloco sí i fún àwọn, rédíò sì fi sí i. Ọmọ onílẹ̀ tó pá sọ fún oníròyìn pé, ká ní òun ló ń ṣáájú orin, ì bá yàtọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi tún tú ká.

Àbúrò mi wá sí ìsọ̀ mi nígbà tó ku ọ̀la kó padà sí Faransé. Òun nìkan ni, kò sí kámẹ́rà. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó ń fi ọwọ́ ro bọ́tìnnì nínú abọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dára?"

"Kò dára."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ìlù dára."

"Ti Bàbá ńkọ́?"

"Ìyẹn ló burú jù."

Ó mi orí. Mo ti múra pé yóò bá mi jà, kò jà. Ó mú bọ́tìnnì dúdú kan, ó wò ó, ó dá a padà sáàárín àwọn funfun. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ojú rẹ̀ wà nínú abọ́, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere, kò wá ẹyẹ kankan lórí igi. Ó ní, "Nígbà tí Bàbá wà lórí àìsàn, ṣé ó fìgbà kan dárúkọ mi?"

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀sán kan ni, nínú ọdún kejì àìsàn náà. Mo gbé Bàbá jáde sí ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn òkun lè fẹ́ sí i. Gbaka kan dúró níwájú ilé wa, ó ń wá èrò, rédíò rẹ̀ sì ń kọ orin alloco. Mo fẹ́ yí àga Bàbá padà sínú ilé, nítorí mo mọ̀ pé kì í jókòó ti orin yẹn. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un dì mí lọ́wọ́ mú. Mo dúró. Ó gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń fi ìka kan lu itan rẹ̀, ó sì bá ìlù náà mu. Nígbà tí gbaka lọ, ó fi ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ ọ́, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ dára."

Àbúrò mi ṣì ń wo inú abọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ fún un, á sunkún lórí àpótí yẹn, ẹkún òtítọ́. Mo sì mọ̀ pé kó tó dé pápákọ̀ òfurufú ni yóò ti fi kọrin.

Mo ní, "Rárá."

Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà, ohun tí kò ṣe rí. Télọ̀ méjì dé, wọ́n fẹ́ síìpù, mo dá wọn lóhùn.

Oṣù méje nìyí. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti gbé fóònù láti pè é. Mi ò tíì pè é.